Bí A Ṣe Ń Fi Àwọ̀ Fíìmù Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Mọ Bí Àwọn Mólékù Inú Rẹ̀ Ṣe Tò

Ọ̀dà búlúù tí wọ́n ń tà nínú ọjà àti yíǹkì búlúù tí àwọn ilé ìtẹ̀wé káàkiri Ìbàdàn ń lò kì í sábà jọra bí a bá gbé wọn síwájú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé kẹ́míkà kan ṣoṣo ló fún àwọn méjèèjì ní àwọ̀, ìyẹn copper phthalocyanine, tí a óò máa kọ ní CuPc láti ìsinsìnyí lọ. Bí mólékù CuPc bá tò lọ́nà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní álífà, búlúù rẹ̀ máa ń fà sí pupa díẹ̀. Bí ó bá tò lọ́nà bẹ́tà, búlúù rẹ̀ a fà sí àwọ̀ ewé, irú èyí sì ni àwọn atẹ̀wé ń wá. Kò sí átọ́ọ̀mù tí a fi kún un, kò sì sí èyí tí a yọ kúrò. Bí àwọn mólékù ṣe dúró ti ara wọn nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ fi hàn ni bí a ṣe lè rin ọ̀nà náà láti ẹ̀yìn wá: kí a wo àwọ̀ fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi mólékù ṣe sórí gíláàsì, kí a sì ti ibẹ̀ mọ bí àwọn mólékù inú rẹ̀ ṣe tò. Mo kọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tàbí kẹ́mísírì tó ní ẹ̀rọ UV-Vis lárọ̀ọ́wọ́tó, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya gíráàfù iye ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń fà mu ní ìgùn ìgbì kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní Pólì, ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀rọ X-ray tó lè lò nígbàkúùgbà tó bá wù ú. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè tí à ń torí wọn gbé fíìmù lọ síbi X-ray ni ẹ̀rọ UV-Vis lè dáhùn, bí a bá lè fi sùúrù bi í léèrè létòlétò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín mólékù

Mólékù tó bá ní àwọ̀ ní ìlà kan lára tí àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ máa ń gbà mì síwá-sẹ́yìn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó bá a mu bá kàn án. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìlà ìgbàmọ́lẹ̀. Bí mólékù bá dá wà nínú àpòpọ̀ olómi tí kò ki, ìlà rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kírísítálì, níbi tí ojú mólékù kan lè wà ní nǹkan bí 0.34 nánómítà péré sí ojú èkejì, ìlà kan kò lè mì kí ti aládùúgbò rẹ̀ má mọ̀ ọ́n lára, nítorí náà gbogbo wọn a jọ máa fa ìmọ́lẹ̀ mu bí ẹni pé ara kan ni wọ́n.

Igun tó wà láàárín ìlà ìgbàmọ́lẹ̀ àti ìlà tó so àárín mólékù méjì pọ̀ ló ń pinnu ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí igun náà bá ju 54.7 dígírì lọ, tó fi jẹ́ pé àwọn mólékù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fa mu yóò nílò agbára púpọ̀ sí i, ṣóńṣó gíráàfù yóò sì sún sí ìhà búlúù. Èyí ni ìtòpọ̀ H, kì í sì í sábà tan ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa. Bí igun náà bá kéré sí 54.7 dígírì, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní orí sí ìdí, ṣóńṣó yóò sún sí ìhà pupa, yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí ni ìtòpọ̀ J, tí Edwin Jelley àti Günther Scheibe rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1936 nínú àwọ̀ kan tó ń jẹ́ pseudoisocyanine. Michael Kasha àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n wá fi ìṣirò igun yìí lélẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ni a sì ń lò títí di òní.

Àwọn fíìmù kan wà tí H àti J kò tó láti ṣàlàyé wọn. Nínú kírísítálì pentacene, tó jẹ́ mólékù aláwọ̀ kan tí òrùka kábọ́ọ̀nù márùn-ún tò lérí ìlà kan nínú rẹ̀, mólékù méjì ló wà nínú ẹyọ kékeré tí kírísítálì fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn méjèèjì kò sì kọjú sí ibì kan náà: ọ̀kan dà sí ọ̀tún, èkejì dà sí òsì. Nítorí èyí, ṣóńṣó tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan a pín sí méjì, ọ̀kan nítòsí 670 nánómítà, èkejì nítòsí 630, bẹ́ẹ̀ nítòsí 580 ni mólékù yìí ti ń fa ìmọ́lẹ̀ mu nígbà tó dá wà. Alexander Davydov ló ṣàlàyé ìpín yìí ní 1948, ọdún kan náà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó padà di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, ìpín Davydov ni a sì ń pè é. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ìṣirò Kasha gbà pé mólékù jìnnà síra díẹ̀. Bí wọ́n bá súnmọ́ra púpọ̀, elẹ́kítírọ́ọ̀nù lè fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, àwọ̀ yóò sì tún yí kọjá ibi tí igun nìkan lè gbé e dé. Ara ohun tó mú kí oríṣi perylene méjì, tí àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nínú àpòpọ̀ olómi, di pupa nínú ọ̀dà kan kí ó sì di dúdú nínú òmíràn nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ ya gíráàfù mólékù tó dá wà

A kò lè sọ pé ṣóńṣó kan sún bí a kò bá mọ ibi tó ti ṣí kúrò. Nítorí náà, kí a tó ṣe fíìmù rárá, ẹ yọ́ díẹ̀ nínú mólékù náà sínú kẹ́míkà olómi tó bá a mu, kí ẹ sì ya gíráàfù rẹ̀. TIPS-pentacene, ìyẹn pentacene tí a fi ẹ̀ka kún lára kó lè yọ́, tí mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ń yọ́ nínú toluene láìsí wàhálà, yóò fi ṣóńṣó mẹ́ta hàn nítòsí 550, 591 àti 643 nánómítà. Ẹ fi toluene là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ tún un yà. Bí ìrísí gíráàfù kò bá yàtọ̀, tó jẹ́ pé gíga rẹ̀ nìkan ló dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, a mọ̀ pé mólékù náà dá wà lóòótọ́. Ìdánwò yìí kì í ṣe àṣejù: pseudoisocyanine inú omi ní ṣóńṣó nítòsí 523 nánómítà nígbà tí kò bá ki, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ki dé ìwọ̀n kan, ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yọ nítòsí 573, ẹni tí kò bá sì là á wò lè rò pé ti mólékù kan ṣoṣo ni.

Ẹ fi fọ́ìlì wé ìgò náà, nítorí oòrùn ojú fèrèsé àti afẹ́fẹ́ jọ lè ba irú mólékù bẹ́ẹ̀ jẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí. CuPc ní ìṣòro tirẹ̀: kò fẹ́ yọ́ nínú ohunkóhun. Súlfúríìkì ásíìdì líle lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ásíìdì náà yóò fi háídírójìn kún un lára, gíráàfù tí a bá sì rí kì í ṣe ti CuPc mọ́. Ohun tó dára ni pé kí a fi fíìmù CuPc kan wé òmíràn, kí a má fi wé àpòpọ̀ olómi.

Ṣíṣe fíìmù, àti ohun tí ojú ọjọ́ Ìbàdàn lè fi ṣe é

Ẹ fi ọṣẹ fọ gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, lẹ́yìn náà acetone, lẹ́yìn náà isopropanol, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Fún TIPS-pentacene, mílígíráàmù 5 sí 10 nínú mílílítà toluene kan tó. Ọ̀nà méjì ni kí ẹ fi ṣe é láti inú ìgò kan náà lọ́jọ́ kan náà. Èkíní, ẹ kán an sórí gíláàsì tó wà lórí ẹ̀rọ spin coater, tí yóò máa yí bírí ní ìgbà 1000 sí 2000 ní ìṣẹ́jú kan. Toluene yóò gbẹ kíákíá, àwọn mólékù kò sì ní ráyè wá ipò tó tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí náà kírísítálì wọn yóò kéré, ètò wọn yóò sì mẹ́hẹ. Èkejì, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì mìíràn, kí ẹ fi ọmọrí petri dish bò ó kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀, kírísítálì tí ojú lásán lè rí yóò sì yọ. Mólékù kan náà ni, ìtòpọ̀ méjèèjì kò sì ní dọ́gba. Ẹni tó bá ṣe èkíní nìkan yóò máa rò pé ohun tó rí ni ìwà mólékù náà.

Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ yàrá iṣẹ́ máa ń kún fún omi. Bí toluene bá ti ń gbẹ lórí gíláàsì, ó ń mú gíláàsì tutù, omi inú afẹ́fẹ́ a sì sẹ̀ sórí rẹ̀, fíìmù a di funfun bí èéfín. Àwọn kan a máa pe funfun yìí ní àbùkù mólékù, bẹ́ẹ̀ òjò ló fà á. Ẹ ti fèrèsé, kí ẹ pa fáànù òkè, nítorí atẹ́gùn rẹ̀ lè mú kí apá kan fíìmù gbẹ ju apá kejì lọ, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n omi inú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá, bíbo gíláàsì mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó sì ni àbò.

Fíìmù CuPc ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ òfìfo, níbi tí a ti ń gbóná ìyẹ̀fun rẹ̀ títí tí èéfín rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Lórí gíláàsì tí kò gbóná, álífà ni yóò jáde. Bí a bá wá gbóná fíìmù náà kọjá 200 dígírì Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì dáadáa, yóò máa yí sí bẹ́tà. Ohun tó ń yí níhìn-ín yẹ ní wíwò tímọ́tímọ́: nínú álífà, mólékù kan sí èkejì lórí òpó kan náà jẹ́ nǹkan bí 0.38 nánómítà, nínú bẹ́tà ó di nǹkan bí 0.48, síbẹ̀ àlàfo láti ojú mólékù kan tààrà sí ojú èkejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nǹkan bí 0.34 ni nínú méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn mólékù yọ̀ kúrò lórí ara wọn, wọ́n sì túbọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́, láti nǹkan bí 26 dígírì sí nǹkan bí 46. Yíyọ̀ kékeré yìí nìkan ló sọ búlúù kan di búlúù mìíràn.

Kí ẹ tó gbóná fíìmù èyíkéyìí, ẹ gé gíláàsì náà sí méjì, kí ẹ fi ìdajì pa mọ́ láìgbóná rẹ̀. Fún TIPS-pentacene, ẹ má jẹ́ kí ooru dé 124 dígírì, nítorí níbẹ̀ ni kírísítálì rẹ̀ ti ń yí ètò padà, ó sì lè sán. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí fíìmù wà lórí hot plate, ẹ má kàn tún un tàn kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fíìmù tó gbóná, tó tutù, tó tún gbóná kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára gíláàsì náà.

Kíka gíráàfù fíìmù

Ẹ jẹ́ kí fìtílà ẹ̀rọ UV-Vis gbóná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó lò ó, kí ẹ fi gíláàsì òfìfo ya ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún ìlà náà yà nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tó sì dé.

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú lọ ni ibi tí mólékù kò ti yẹ kó fa ìmọ́lẹ̀ mu rárá, bíi ìkọjá 800 nánómítà fún TIPS-pentacene. Bí gíráàfù kò bá sí nítòsí òdo níbẹ̀, tó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgùn ìgbì ṣe ń dínkù, kírísítálì ńláńlá ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, kì í ṣe pé fíìmù fà á mu. Ẹ yọ ìgòkè yìí kúrò kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ìtòpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gíga. Bí ṣóńṣó bá ti kọjá 2 lórí ìwọ̀n absorbance, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù fà mu, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í sọ òótọ́ mọ́, orí ṣóńṣó yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Fíìmù tí nínípọn rẹ̀ wà láàárín 30 sí 100 nánómítà ló sàn jù. Ẹ ṣe fíìmù méjì tí nínípọn wọn yàtọ̀, kí ẹ sì mú gíga wọn bára mu lórí ìwé. Ohun tó bá yí nítorí nínípọn kì í ṣe ti ìtòpọ̀.

Ẹ wá sọ nánómítà di agbára: ẹ fi ìgùn ìgbì pín 1240, èsì rẹ̀ ni eV. Ti pseudoisocyanine, 523 nánómítà di 2.37 eV, 573 di 2.16, nítorí náà ìtòpọ̀ J ti fà á wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.21 eV. Iye yìí ni kí ẹ máa fi wé ti ẹlòmíràn, nítorí àádọ́ta nánómítà níbi pupa kì í ṣe agbára kan náà pẹ̀lú àádọ́ta nánómítà níbi búlúù.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì. Fíìmù TIPS-pentacene ní ṣóńṣó nítòsí 700 nánómítà, nígbà tí ti inú toluene jẹ́ 643. Ó rọrùn láti kéde pé ìtòpọ̀ J ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo mólékù ló máa ń sún sí pupa díẹ̀ bó bá ti inú àpòpọ̀ olómi bọ́ sínú ohun líle, nítorí pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń rọ ìyípadà elẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́rùn, bí wọ́n tilẹ̀ tò ní H. Sísún nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó. Ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé ju èyí lọ ni ìfiwéra gíga ṣóńṣó àkọ́kọ́ níhà pupa pẹ̀lú èyí tó tẹ̀lé e. Ṣóńṣó kejì yìí ń wá láti inú ìgbọ̀n ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí 0.17 eV, ẹ ṣírò 643 àti 591 ti inú toluene wò, ẹ ó rí i. Frank Spano fi hàn pé bí ṣóńṣó àkọ́kọ́ bá kúrú sí i ju bó ṣe wà nínú àpòpọ̀ olómi lọ, tí a bá fi wé èkejì, H ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ga sí i, J ni.

Fún CuPc, ibi tí ṣóńṣó wà ni ká kàn wò: álífà ní ṣóńṣó méjì nítòsí 620 àti 690 nánómítà, èyí tó wà ní 620 sì ga ju ìkejì lọ, bẹ́tà ní tirẹ̀ nítòsí 645 àti 720. Bí fíìmù tí a gbóná bá ní ṣóńṣó ti álífà àti ti bẹ́tà papọ̀, apá kan ṣì jẹ́ álífà, kò tíì gbóná tó.

A tún lè tan tọ́ọ̀ṣì búlúù tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò sí fíìmù náà nínú òkùnkùn. Bí ó bá tàn padà dáadáa, ó ṣòro kó jẹ́ H pọ́ńbélé. Àmọ́ bí kò bá tàn, ẹ má sáré dájọ́, nítorí nínú ìdílé pentacene, agbára ìmọ́lẹ̀ tí mólékù kan gbà máa ń pín sí méjì láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀ kó tó ráyè tàn jáde.

Ṣé ìtòpọ̀ ló yí, àbí mólékù fúnra rẹ̀?

Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí mọ̀ pé aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́lùú kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ tó fà sí ewé àti ìyeyè ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló sì ń sọ ọ́ di búlúù bí ó ti ń kán sílẹ̀. Ìyípadà yẹn jẹ́ ti mólékù: ọ́síjìn bá a lò pọ̀, ó sì di ohun mìíràn. Fíìmù wa náà lè ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé a fura, pàápàá bí a bá gbóná rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ìdánwò tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò ná wa ju gíláàsì kan lọ. Ẹ mú fíìmù tí àwọ̀ rẹ̀ yí, ẹ fi toluene fọ̀ ọ́ kúrò lára gíláàsì sínú ìgò mímọ́, kí ẹ sì ya gíráàfù omi náà. Bí 550, 591 àti 643 bá padà wá, tí gíga wọn sí ara wọn sì wà bíi ti ìbẹ̀rẹ̀, mólékù kò bàjẹ́, ìtòpọ̀ nìkan ló yí. Bí ṣóńṣó mìíràn bá yọ sí ìhà búlúù, tàbí tí ti àtijọ́ bá ti sọnù, gbogbo àlàyé H àti J tí a ti kọ kò wúlò fún fíìmù yẹn. Mo gbà pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kọ ọ̀rọ̀ ìtòpọ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe ìdánwò yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń fò.

Ìhà tí mólékù kọjú sí

Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan fíìmù tààrà ń mì ní pẹrẹsẹ pẹ̀lú ojú gíláàsì. Mólékù tí ìlà ìgbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán kò ní rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀, fíìmù yóò sì dà bí ẹni pé ó fẹ́lẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyẹn tí fíìmù CuPc orí gíláàsì lásán, níbi tí mólékù ti dúró lórí etí, fi ń fa ìmọ́lẹ̀ mu kéré sí èyí tí a ṣe sórí ìpele copper iodide tàbí PTCDA (kẹ́míkà aláwọ̀ kan nínú ìdílé perylene), níbi tí mólékù ti dùbúlẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ da fíìmù náà sí ẹ̀gbẹ́ ní 45 dé 60 dígírì nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi polarizer, ìyẹn awò tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ìhà kan ṣoṣo kọjá, sí iwájú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ìdúró, lẹ́ẹ̀kan ní ìbú. Bí ṣóńṣó kan bá ga ní ipò kan tí kò sì ga ní èkejì, ju ohun tí dídà lásán lè fà lọ, ìlà tó ń fà á dúró sókè.

Ẹni tí kò ní polarizer lè lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní ojú LCD, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń mì sí ìhà kan ṣoṣo, pẹ̀lú awò oòrùn polaroid. Ẹ ṣí ojú ewé funfun kan, ẹ yí awò náà títí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi ṣókùnkùn, kí ẹ gbé fíìmù tí ẹ kán sórí gíláàsì sáàárín, kí ẹ sì máa yí i. Àwọn kírísítálì tó tò dáadáa yóò máa mọ́lẹ̀, wọn yóò sì máa ṣókùnkùn ní gbogbo 90 dígírì. Ti spin coater sábà máa ń ṣókùnkùn látòkè délẹ̀, nítorí kírísítálì rẹ̀ kéré, wọ́n sì kọjú síbi gbogbo.

Bí àyè X-ray bá wá ṣí sílẹ̀, ẹ gbé gíráàfù UV-Vis yín dání lọ. Fíìmù CuPc álífà máa ń ní ṣóńṣó X-ray nítòsí 6.8 dígírì, bẹ́tà nítòsí 7.0, ìyàtọ̀ 0.2 dígírì péré, nígbà tí ìyàtọ̀ wọn nínú UV-Vis lé ní 20 nánómítà. Nínú ẹ̀rọ tí ọ̀nà rẹ̀ láti orí fíìmù dé ojú agbàmọ́lẹ̀ jẹ́ 200 mílímítà, bí gíláàsì bá wọlẹ̀ tàbí yọrí ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mílímítà, ṣóńṣó yóò ti sún ní 0.2 dígírì yẹn kan náà. Nítorí náà, bí X-ray bá sọ pé bẹ́tà ni, tí UV-Vis sì ń fi 620 àti 690 hàn, ẹ kọ́kọ́ yọ gíláàsì náà, kí ẹ tún un gbé kó bá etí ohun tó gbé e dúró dọ́gba, kí ẹ sì tún un yà.